Ìlú Tí Rélùwéè Sọ Di Ńlá, Àti Ìlú Tí Rélùwéè Kò Yà Sí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lẹ́bàá títì ní Odògbolú ní òwúrọ̀ yóò rí mọ́tò tí ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò rí èyí tí ń lọ sí Ṣágámù àti Èkó, yóò sì rí ọ̀kadà tí ó di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn. Ohun kan ni kò ní í rí, kò sì sí ẹni tí ó rí i rí ní ìlú náà: ọkọ̀ ojú irin. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ mọ bí fèrè rẹ̀ ti ń dún, àfi kí olùkọ́ rẹ̀ fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀, tàbí kí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn.

Ìbéèrè tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò bi olùkọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Rélùwéè kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Kí ni a pàdánù, kí ni a sì rí dípò rẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé ìlú tí ó bá rí rélùwéè ti là, àti pé èyí tí kò bá rí i ti fọwọ́ lẹ́rán. Ìtàn kò fi gbogbo ara gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó sì yẹ kí á mọ ohun tí ìtàn wí, nítorí pé ọjọ́ kan lè dé tí a ó tún fi ọ̀rọ̀ irin lọ̀ wá, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òpè ní ọjọ́ náà.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi irin lélẹ̀ láti Ìdó ní Èkó. Irin náà gba Agége àti Ifọ̀ kọjá, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí i. Ní 1907 ó ti dé Òṣogbo. Kò pẹ́ tí ó fi dé Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó dé etí odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909, nígbà tí yóò sì fi di 1912, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ní Èkó lè bá a dé Kánò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń gbé e sọdá odò ní Jẹ́bà títí a fi parí afárá ibẹ̀ ní 1916.

Ẹ jẹ́ kí á wo Òṣogbo, nítorí pé òun ni àpẹẹrẹ tí ó yéni jù lọ ní ilẹ̀ wa. Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí irin dá sílẹ̀. Kí irin tó dé, ìlú ọlọ́jà ni, lábẹ́ Àtáọ́ja rẹ̀, lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin padà ní nǹkan bí 1840, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí ì bá sọ pé yóò ju Ìlẹṣà lọ nínú òwò.

Irin dé, ó sì dúró díẹ̀. Ibi tí irin bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹrù ń sọ̀kalẹ̀ sí. Ibi tí ẹrù bá sì ń sọ̀kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni owó ti ń pààrọ̀ ọwọ́. Iyọ̀, aṣọ, páànù àti epo kẹrosíìnì ń ti Èkó bọ̀. Epo pupa, ekùrọ́ àti kòkó ń lọ. Ẹrù kò lè gun orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń fẹ́ alábàárù tí yóò rù ú, ó ń fẹ́ akọ̀wé tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n, àti ilé tí a ó kó o sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fẹ́ jẹun, nítorí náà olóúnjẹ dé. Wọ́n ń fẹ́ sùn, nítorí náà onílé kọ́ yàrá sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì tẹ̀ lé wọn. Ní àwọn ọdún 1930, Òṣogbo ni àwọn onísìgá Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dán iṣẹ́ sìgá wò kí wọ́n tó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn. Àwọn aláró Òṣogbo, tí orúkọ wọn ti ń kàn tẹ́lẹ̀, rí ọ̀nà tí aṣọ wọn yóò fi dé ìlú tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí ó yẹ kí olùkàwé wa fi sọ́kàn. Irin kò parí sí Òṣogbo títí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó ti kọjá lọ sí òkè. Ibùdó púpọ̀ ni ó wà lójú irin kan náà, tí ọkọ̀ kan náà ń dúró sí, tí fèrè kan náà ń dún sí, tí wọn kò sì di Òṣogbo. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Èkíní, ọjà ti wà ní Òṣogbo kí irin tó dé, irin kàn mú un gbòòrò ni. Èkejì, ọ̀nà ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọ ìlú náà. Ìlẹṣà kò ní rélùwéè, Èkìtì kò ní, nítorí náà Òṣogbo ni kòkó wọn ń gbà kọjá, lórí ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà nínú mọ́tò. Ẹ̀kẹta, ìlú náà gba àlejò. Ẹni tí ó bá òwò wá rí ibi jókòó sí. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Irin jẹ́ ọ̀nà kan. Àwọn ọ̀nà yòókù ni ó sọ Òṣogbo di ọjà.

Ọ̀fà pẹ̀lú kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀fà wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n bá òwò dé ìlú òkè ọya, wọ́n sì rí jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi gbogbo èrè náà ṣe aṣọ àti àríyá. Ní 1943 ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà fi owó àjùmọ̀dá dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìlú náà sílẹ̀, Offa Grammar School. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀wẹ̀sì ní ìgbà tí ó yá, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò rẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi irin lélẹ̀ fún wa ti rí irú èyí ní ilé tiwọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú ọlọ́jà kékeré kan wà lórí òkè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn tí a ń pè ní Swindon. Ní 1841 àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bí 2,500 lọ. Ilé-iṣẹ́ Great Western Railway kọ́ àgbẹ̀dẹ ńlá sí ìsàlẹ̀ òkè náà, níbi tí a ó ti máa rọ ẹ̀rọ ọkọ̀, tí a ó sì máa tún un ṣe. Ní 1843 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1901, ìlú náà ti di bí 45,000 ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò jókòó kí ọ̀gá ṣe ohun gbogbo fún wọn: wọ́n kó ara jọ ní 1844 láti ní ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkà tiwọn, wọ́n sì dá àpò owó kan sílẹ̀ ní 1847 tí a fi ń tọ́jú aláìsàn àárín wọn. Àgbẹ̀dẹ tí ó sọ ìlú náà di ńlá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1986. Swindon kò túká, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ti kọ́ láti máa ṣe nǹkan pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀nà jù wá lọ. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wa lórí, àárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè ni a wà. Ẹrù Èkó ń gúnlẹ̀ sí Ejìnrìn àti àwọn èbúté mìíràn, àwọn oníṣòwò wa ń gbà á, wọ́n sì ń gbé e dé ojú ọjà tí wọ́n ti ń pàdé àwọn ará òkè. A kì í jẹ́ kí àjèjì gba ọ̀nà wa kọjá bí ó bá ti wù ú, nítorí pé ọ̀nà náà ni oko wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ni ó fa ogun Ìmagbọn ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà tí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí oyè, tí Gómìnà Carter sì fẹ́ kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n fi ìbọn ṣí i.

Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ogun náà, ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn láti Abẹ́òkúta. Ọ̀nà tí a ti torí rẹ̀ kú kò tún jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó yá mọ́. Ẹrù Ìbàdàn lè dé Èkó láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, kí ó bèèrè ìtàn Ejìnrìn, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ẹ̀bá ọ̀sà nígbà kan rí. Rélùwéè gba ẹrù òkè, mọ́tò àti títì gba ìyókù, ògo ọjà náà sì wọmi díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe irọ́ pé a pàdánù. Ẹni tí ó bá sọ pé a kò pàdánù ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan wá jẹ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò jókòó ti àdánù náà. Bí ọ̀nà kan kò bá dí, ọ̀nà kan kì í là. Àwọn kan kó ọjà wọn, wọ́n lọ bá irin ní ibi tí ó wà, wọ́n sì ń ṣòwò ní àwọn ìlú tí ó gbà kọjá. Obì tí a gbìn ní Agége àti ní Rẹ́mọ ni ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ sí Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún; irin kò gba Ṣágámù kọjá, ṣùgbọ́n obì Ṣágámù gun irin. Àwọn mìíràn ra mọ́tò akẹ́rù. Èyí kò dùn mọ́ ìjọba nígbà náà, nítorí pé owó ńlá ni a ti ná sórí rélùwéè, ìjọba kò sì fẹ́ títì tí yóò gba ẹrù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ́tò ní láti kó ara wọn jọ kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn. Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ọdún 1930 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́, tí ń ra kòkó, tí ó sì ń fi mọ́tò kó ẹrù. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ó tún lágbára ju mọ́tò lọ ni ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1913, nígbà tí àwọn ìlú ojú irin ń ka iye àpò ẹrù wọn, ni a ṣí Ijebu-Ode Grammar School. Ìjẹ̀bú tí kò rí irin rí ìwé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní gbogbo ẹkùn náà, tí wọn kò tó 460,000 ní 1954, ju 811,000 lọ ní 1955. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ mọ iṣẹ́ tí èyí gbà: ọ̀pọ̀ yàrá kò tíì ní ìlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ kíláàsì sì pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ kan lè mójú tó. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kò bèèrè bóyá irin gba ìlú kan kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ó dé Òṣogbo, ó dé Odògbolú, ó dé abúlé tí mọ́tò pàápàá kì í dé bí òjò bá rọ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan rẹ̀ kalẹ̀ sí Odògbolú. Àwọn ọmọ láti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ti wá kàwé níbẹ̀, ìlú tí irin kò yà sí.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò wí pé kí á máa yọ̀ pé irin kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà Ṣágámù sí Ọrẹ̀ àti Bìní mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀: mọ́tò akẹ́rù ńláńlá tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń fọ́ títì, wọ́n sì ń gba ẹ̀mí. Ọkọ̀ ojú irin kan lè kó ohun tí ogún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń kó. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kì bá tí wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn bí ó bá rí irin gùn. Àǹfààní irin kò ṣeé jiyàn sí. Ohun tí a ń wí ni pé irin kì í sọ ìlú tí ó jókòó lásán di ńlá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti àtijọ́ nìkan. Láti àwọn ọdún 1980 ni rélùwéè ilẹ̀ wa ti rẹ̀wẹ̀sì, tí koríko sì hù lójú irin ní ibi púpọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2012 ni ọkọ̀ èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti Èkó dé Kánò. Nígbà tí Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti 2010 sí 2018, ìjọba rẹ̀ a máa pèsè ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà tí ń ti Èkó bọ̀ wálé ọdún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 ni a ṣí irin tuntun tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ọ̀nà Abẹ́òkúta náà ni ó tún gbà. A fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe ibùdó ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn, a sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ti Abẹ́òkúta. Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé Awólọ́wọ̀. Ìsarà Rẹ́mọ ni ilé bàbá Ṣóyínká. Orúkọ àwọn ọmọ Rẹ́mọ méjì wà lára ilé rélùwéè, ṣùgbọ́n irin náà kò gba ìlú ìkankan nínú wọn kọjá. Ẹ wo bí ènìyàn ti lè dé ibi tí ọ̀nà ìlú rẹ̀ kò dé.

Ní 2014 ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan ṣe àdéhùn irin mìíràn, èyí tí yóò gba ẹ̀bá òkun láti Èkó dé Kàlàbá, bí kìlómítà 1,400. Nínú ìlànà rẹ̀, yóò gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé àárín ìlú méjèèjì yìí ni Odògbolú wà. Àdéhùn kì í ṣe irin, a sì ti rí ìwé púpọ̀ tí kò di iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró kí ó gbọ́ fèrè kí ó tó múra, ọkọ̀ yóò fi í sílẹ̀.

Kí ni ìmúra náà? Èkíní ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí a bá gbọ́ pé irin ń bọ̀, àwọn tí ń fi ilẹ̀ ṣòwò ni yóò kọ́kọ́ dé. Kí Aláyé àti àwọn ìjòyè, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jókòó nísinsìnyí, kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjà àti fún ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ ààlà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà di ẹjọ́ lọ́la. Èkejì ni ọ̀nà. Òṣogbo kọ́ wa pé ọ̀nà tí ó wọ ibùdó ni ó ń sọ ibùdó di ọjà. Ọ̀nà Àìyépé, ti Òkun-Ọ̀wà, ti Ìdọ́wá àti ti Òṣósà gbọ́dọ̀ ṣeé rìn ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ẹ̀kẹta ni ẹrù. Kí ni a ó kó sínú ọkọ̀? Bí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń yan gàrí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó sì ń tà á fún alájàpá ní iye tí alájàpá bá dá, èrè irin yóò jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó lè kó ẹrù jọ dé ìwọ̀n tí irin ń fẹ́.

Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́. Ní 1896 kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí a bi léèrè ibi tí irin yóò gbà. Àwọn tí ó mọ ìṣirò àti àwòrán ilẹ̀ ni ó yàn án, àjèjì sì ni wọ́n. Ẹ fi àwòrán ilẹ̀ han àwọn ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ ojú irin láti Ìdó dé Kánò, kí wọ́n bèèrè ìdí tí ó fi yà níbí tí kò sì yà lọ́hùn-ún. Láti inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà ti ń jáde, àti aṣòfin tí yóò mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí a bá tún ń fa ìlà lórí ìwé.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí yóò ṣòfò bí irin kò bá tilẹ̀ dé láéláé. Ilẹ̀ ọjà yóò wúlò, ọ̀nà rere yóò wúlò, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yóò wúlò, ọmọ tí ó mọ̀wé yóò sì wúlò jù gbogbo wọn lọ. Bí irin bá dé, kí ó bá wa lórí ìdúró. Bí kò bá dé, a ti ń lọ.